Ọjọ́ Tí Màmá Mi Dá Sí Ìjà Àwọn Káúbọ́ì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, bàbá mi kó gbogbo wa sínú mọ́tò, wọ́n ní Houston nìkan kọ́ ni Amẹ́ríkà. Yunifásítì ni bàbá mi ń lọ nígbà yẹn. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èmi àti àbúrò mi dé láti Ìbàdàn ni, òyìnbó tí wọ́n gbọ́ ò ju ìkíni lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bàálù kiri, ẹ ò lè mọ bí Texas ṣe gùn tó. A wakọ̀ títí igi fi tán lọ́nà, ó wá ku iyanrìn àti òkè olókùúta ní ìhòòhò. Màmá mi ń kọrin, fúláàsì onírin wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí fún yín. Nígbà wàhálà ìbò nílé, àwọn jàǹdùkú wọ́ àbúrò màmá mi ọkùnrin jáde, wọ́n da pẹtiróòlù sí i lára, wọ́n ṣáná sí i. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni màmá mi wà. Ọmọ náà ń ké, "Àǹtí mi, ẹ gbà mí o!" títí ohùn ẹ̀ fi tán. Ní Houston níbí, màmá mi ṣì máa ń pariwo lójú oorun: "Ó pè mí, mi ò jáde."

A yà ní ìlú àtijọ́ kan, ilé onípákó lọ́tùn-ún lósì. Bàbá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò kàn sọ fún màmá mi pé eré káúbọ́ì la fẹ́ wò. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọkùnrin ò lérò!

Ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde nínú ilé, ó gbá a létí, ó tàpá sí i, ó wá yìnbọn. Gbàù! Ọmọ náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Oníbọn tún na ìbọn sí i lórí.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Màmá mi ò sá. Wọ́n já okùn tí wọ́n fi dènà, wọ́n sì la fúláàsì mọ́ oníbọn náà lójú. Imú ẹ̀ fọ́ yángá, ó wó lulẹ̀, màmá mi sì ń tẹ ọwọ́ tó fi mú ìbọn mọ́lẹ̀: "O ò ní pa èyí! O ò ní pa èyí láéláé!" Àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Màmá mi gbé orí ọmọ náà lé itan, wọ́n ń sunkún: "Mo ti jáde o. Àǹtí ti jáde." Ọmọ náà lajú. Màmá mi pariwo, wọ́n fún un ní ìgbátí olóyì, wọ́n wá dì mọ́ ọn pinpin.

Ọlọ́pàá dé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ̀ ẹ́, ni ọlọ́pàá bá fa ìbọn yọ, kò rí irú ẹ̀ rí. Bàbá mi ò gbórí sókè. Látorí iyanrìn níbẹ̀ ni wọ́n ti rojọ́ àbúrò màmá mi tí àwọn jàǹdùkú dáná sun. Onímú fífọ́ náà gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ òkè la sùn. Màmá mi ò pariwo lóru ọjọ́ náà, wọn ò sì tún pariwo mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Láyé ìgbà yẹn, ìbọn eré lásán gbé odidi abiyamọ dìde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbọn gidi dún lọ́sàn-án gangan níwájú ilé wa ní Fondren, ní Houston níbí. Ọmọ ọmọ mi ò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Grandma, ẹ má wòrí jàre, kì í ṣe apartment wa." Ó dùn mí dọ́kàn. Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹnì kan ń ké níta. Mo wo fúláàsì màmá mi lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣì tẹ̀ wọnú níbi tó ti ba imú ọkùnrin yẹn. Orúnkún ń ro mí, ṣùgbọ́n mo dìde.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde.