Wọ́n Ní Ọwọ́ Ọmọ Mi Ò Kan Etí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílé ìwé kan ní Òwu, l'Abẹ́òkúta, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Títí dòní, bí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi!

Àkọ́bí mi, Rísíkátù, lọ̀rọ̀ kàn. Ọjọ́ tí mo bí i ni ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ kéré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ́ wọnú, igun ojú rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sísàlẹ̀. Àjà ẹnu rẹ̀ là. Bó bá mu ọmú, imú ló ń gbà jáde. Etí ńkọ́? Ẹran kékeré bí ẹ̀pà ló wà níbẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì.

Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi ìborùn bò ó bí mo bá ń gbé e jáde. Èmi kẹ̀? Láéláé! Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé àtinú oyún ni egungun ojú rẹ̀ ò ti dàgbà tó. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ó ní kí n máa gbé e jókòó, kí n fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ mímu nìkan lè gbà wá ní wákàtí kan! Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àjà ẹnu náà. Ohùn rẹ̀ ṣì ń gba imú jáde, àmọ́ àwa ará ilé ń gbọ́ ọ yékéyéké. Bí a bá sì gbé ohùn sókè díẹ̀, òun náà ń gbọ́ wa.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, èmi àti Ìyá Gàníyù, ará ilé wa, jọ mú ọmọ lọ sílé ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan náà la sọ àwọn méjèèjì lórúkọ.

Ẹ̀yin àgbà á rántí. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí? Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá; bí ìka rẹ̀ bá ti kan etí òsì, ó ti tó lọ sílé ìwé nìyẹn. Gàníyù kan tirẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Ó wá kan Rísíkátù. Ọmọ gbé ọwọ́ kọjá, ó ń fi ìka wá etí kiri. Tísà ní ọwọ́ rẹ̀ ò kan etí, kí n mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo bi í pé ṣé etí á hù lọ́dún tó ń bọ̀ ni? Ó ní òfin lòfin. Àwọn ìyá kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Gàníyù fà mí láṣọ, ó ní ká máa lọ, gbogbo èèyàn ti ń wò wá. Mo ní kí wọ́n wò wá dáadáa!

Ariwo mi ló gbé ọ̀gá ilé ìwé jáde, ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo fi ìka mi sí ibi tí etí ọmọ mi ìbá wà.

“Mà, ibi tí etí àwọn yòókù wà nìyí. Ẹ jẹ́ kó tún gbé ọwọ́.”

Rísíkátù gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ó gbá ìka mi mú, ó sì ń fà á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gá bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó sọ tirẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní kí tísà kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi í sórí bẹ́ńṣì iwájú kó lè máa gbọ́ràn.

Ọmọ kan lórí ìlà wá pariwo pé, kò mà létí o! Kí n tó yanu, Rísíkátù ti dáhùn: “Etí mi kéré. Ọwọ́ mi gùn!”

Ohun tí mo kọ́ rèé: bí wọ́n bá ń fi ohun tí ọmọ yín ò ní wọn ọmọ yín, ẹ má mú un padà sílé. Ẹ fi ìka yín síbẹ̀!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti lé ọmọ yín padà rí, kí lẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ojú mi ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Rísíkátù ló ń bá mi tẹ èyí. Òun náà ni yóò ka èsì yín sí mi létí.