Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ìyàwó Mi ní Kalikak

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní kí n fún òun ní ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá òun, inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ orin tó gbé e lọ́kàn ti tán, pé ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ gidi. Ó ti pé ọdún méjì tí ìyàwó mi kú. Ẹ̀rọ náà wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Nkembo, mo fi aṣọ bò ó, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni mo bá a gbé e sínú takisí.

Kò pẹ́ sígbà náà ló pè mí sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò Kalikak, lọ́sàn-án Sọ́ńdè, pé òun àtàwọn olórin kan fẹ́ ṣeré nínú pálọ̀. Mo wọ agbádá lọ. Àṣé èèyàn bí ogún péré ni, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n wá àga kan fún mi, mo wá gúnwà láàárín wọn bí adájọ́.

Ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Papa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ìpàtẹ́wọ́ gan-an, à la fin ni, tí gbogbo rẹ̀ bá parí."

Ọkùnrin kan kọ́kọ́ gbé okùn ọrun kékeré kan sẹ́nu, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú. Ìyẹn dùn létí mi. Ẹni tó tẹ̀ lé e ń fi ṣíbí ha gìtá. Mo ní nínú mi pé, ṣé èyí náà lorin?

Nígbà tó kan ọmọ mi, ó ṣí aṣọ lórí nǹkan kan ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìyàwó mi ni. Kò sí òwú, kò sí aṣọ lórí rẹ̀, fóònù kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí mi. Mo pinnu pé bí wọ́n bá ti parí, ẹ̀rọ yẹn á bá mi padà sí Nkembo.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe tó bá dé ọrùn aṣọ. Mo mọ ìró yẹn dáadáa. Tí ìyàwó mi bá rán nǹkan tó wù ú, á ké sí mi láti yàrá ẹ̀yìn kí n wá wò ó. Èmi á ní mò ń bọ̀, màá sì máa bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọ mi tẹ fóònù. Ohùn ìyàwó mi jáde.

"Dádì wa! Ẹ wá wò ó o!"

"Mò ń bọ̀!"

Kí n tó mọ̀, ó ti jáde lẹ́nu mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í dá òkú lóhùn, èmi sì fi gbogbo ẹnu dáhùn. Gbogbo pálọ̀ yíjú sí mi. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n fóònù náà dáhùn. Ohùn èmi kan náà ni, láti ọ̀nà jíjìn, láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Mò ń bọ̀!" Ìyàwó mi tún pè. Mo tún ní mò ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò pè mọ́, ìró ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́. Àwa tí a wà nínú pálọ̀ yẹn ń retí ìró ẹsẹ̀ mi. A ò gbọ́ ọ. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó ń gbà á sílẹ̀, òun náà sì ń retí mi. Àbámọ̀ gbá mi láyà mú.

Mo dìde. Mo ká agbádá mi sókè, mo ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ká ẹsẹ̀. Ọmọ mi ò gbójú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dúró, ṣùgbọ́n ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó tì í. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó títí ó fi parí.