Ojú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wò

“Màmá, ó dára tí ẹ tètè wá. Ojú tó bá pọ́n, tí kò ní ipin, tí kò sì lè gba ìmọ́lẹ̀, ẹ má pè é ní Àpólò.” Nọ́ọ̀sì ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú ọmọ mi wò. Ọmọ náà fi ìborùn mi bo orí. Òórùn káńfọ̀ ara ìborùn náà gbé mi padà sí Gangare, àdúgbò tí a gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìborùn ìyá wa lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan pọ́n bí ata. Nínú àgbàlá wa, wọ́n gbà pé ẹni tó bá wo ojú Àpólò ti kó o nìyẹn.

“Kar ki kalle ni!” làwọn ọmọdé ń pariwo ní èdè Haúsá, pé kò gbọdọ̀ wo àwọn. Èmi náà ń bá wọn pariwo, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá wa fi ẹsẹ̀ ti abọ́ ògì sí i, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Màámi, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú.”

“Àpólò ni, á lọ. Kọjú sí ògiri!”

Ó kọjú sí ògiri.

A kò mọ̀ títí ó fi pẹ́ pé kì í ṣe Àpólò: inú ẹyinjú rẹ̀ ló wú, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí a fi mọ̀, ojú náà kò ríran mọ́. Inú ń bí mi sí gbogbo àgbàlagbà àgbàlá yẹn, ó sì ń bí mi sí ara mi. Kò sí ipin kankan lójú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó ì bá rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ojú ọmọ yín bá pọ́n, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú lọ́jọ́ náà gan-an.