Ewé Tútù inú Agolo

Ìyá mi ló fi ewé náà sáàárín aṣọ mi lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé lọ sí Lọ́kọ́ja. Kò sọ fún mi. Ìgbà tí mo tú ẹrù mi nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àdúgbò Natako ni ewé tó nípọn kan já bọ́ láti inú ìró, tí àwọn ọmọ kéékèèké ti hù yí etí rẹ̀ ká, oníkálukú pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Kò rí ilẹ̀, kò rí omi, ó sì ń bímọ nínú ẹrù. Mo bú sẹ́rìn-ín. Nílé wa ní Ìyàgbà, ewé tútù ni ìyá mi ń pè é, nítorí pé bó ti wù kí oòrùn mú tó, tútù ni yóò máa tutù lọ́wọ́ ẹni. N kò mọ orúkọ mìíràn fún un, n kò sì rò pé ó ní òmíràn.

Ó ku díẹ̀ nígbà náà kí Nàìjíríà gba òmìnira. Akọ̀wé ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ẹ̀kọ́ ìjọ wa. Àṣà tó gbòde láàárín àwọn ìdílé akọ̀wé ni kí wọ́n gbin òdòdó sínú agolo, kí wọ́n tò ó síwájú ilé bíi tàwọn òyìnbó tó ń gbé lórí òkè. Ìyàwó akọ̀wé tí kò bá ní òdòdó níwájú ilé, a ó rò pé ọkọ rẹ̀ kò kàwé dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ooru Lọ́kọ́ja. Òdòdó aláràbarà tí wọ́n bá gbìn lónìí, yóò ti ronú pìwà dà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ewé tèmi nìkan ni ooru náà bá lára mu.

Kì í ṣe pé ó bá mi lára mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo gbìn ín sínú agolo bisikíìtì, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Àwọn ewé rẹ̀ pọ́n, wọ́n rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, wọ́n sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọkún lórí rẹ̀, kí n má purọ́. Ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọ etí ewé ló kù tó dúró. Èyí ni mo tún gbìn. Mo fi ìṣó lu ìdí agolo kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde, mo bu iyanrìn létí odò, mo pò ó mọ́ eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ, mo wá kọ́ bí a ti í fi nǹkan sílẹ̀ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ìyẹn ló nira jù fún mi, nítorí Ọlọ́run kò fi sùúrù sí ẹrù tí mo gbé wá sáyé.

Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi àkísà tútù nu eruku kúrò lára ewé kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń yí agolo náà padà lójú fèrèsé kó má baà tẹ̀ sápá kan. Bí ewúrẹ́ bá yọjú, bàtà mi ni yóò kọ́kọ́ kí i.

Ẹlẹ́fẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ló ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í pe àbúrò ọkọ, ìbáà jẹ́ obìnrin.

“Ọkọ mi, ṣé a ó sè é ni?”

“A kì í sè é.”

“Ṣé a ó tà á ni?”

“A kò ní tà á.”

“Kí ló wá wà fún?”

“Ó wà fún wíwò.”

“Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ń tọ́ ewé bí ẹni ń tọ́ ọmọ.”

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fi ewé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìdílé aláṣọ kan tí bàbá bàbá wọn ti Ìlọrin wá dó sí Lọ́kọ́ja àtijọ́. Òun ló ń ṣọ́ ilé ẹrù ilé-iṣẹ́ kan létí odò. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, yóò wá ta dráfù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé omi jáde, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Yóò kí mi ní ìkíni àwọn ará wa pé, “Ọ̀kun o,” èmi náà yóò dá a lóhùn, yóò sì sin ojú rẹ̀ sórí pátákó dráfù. “Ẹ” ló sì máa ń fi pè mí, kì í ṣe “ìwọ”, bí ẹni ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn kó tó fi ọmọ dráfù jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í kọ́kọ́ la ẹnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mùsùlùmí ni, èmi sì jẹ́ ọmọ alàgbà ìjọ. Mo ń dúró dè é kó sọ̀rọ̀, òun náà ń ta dráfù.

Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn dé pé ìjọba ti gbé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kàdúná, pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ kó ti kó ẹrù. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í dá gbé Lọ́kọ́ja. Nítorí náà, mo ní láti bá wọn lọ, tàbí kí n padà sílé, níbi tí bàbá mi ti ń yin ọkùnrin kan fún mi tó ní kẹ̀kẹ́ àti ìwà pẹ̀lẹ́. N kò ní ohunkóhun lòdì sí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin onídráfù yìí kò bá ti sọ̀rọ̀ kí a tó kúrò, ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ parí nìyẹn, n kò sì ní rí i mọ́.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mò ń gbé àwo kalẹ̀ gbàgà gbàgà. Sátidé ń dé, Sátidé ń lọ, wọ́n ń jẹ ọmọ dráfù ara wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wò mí lójú, ó ní, “Ọkọ mi, àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta.”

Ní Sátidé kan nínú ọyẹ́, tí ewé tútù mi ti yọ òdòdó tó ń so rọ̀ wálẹ̀, ọkùnrin náà dìde nídìí dráfù, ó wá dúró lójú fèrèsé mi. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó yá, ó ti fẹ́ sọ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ fún mi ní ewé kan nínú nǹkan yín yìí.”

Ewé! Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè tọrọ lọ́wọ́ mi!

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ gbìn ín ni.”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já èyí tó kéré jù fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà, èyí tó tóbi jù ló lọ já. Mo fi bébà ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wé e. “Ẹ má bomi rin ín jù,” ni mo wí. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó sì lọ sílé láìparí dráfù. Ẹ̀gbọ́n mi ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá. Ìyá aláṣọ tí gbogbo ọjà mọ̀ ni, ó sì wọ ìró àrán bí ẹni tó ń lọ síbi pàtàkì. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó mú fìlà dání. A kúnlẹ̀, a kí wọn, a fún wọn ní ìjókòó. Ìyá náà tú etí ìró rẹ̀, ó yọ bébà kan jáde, ó ṣí i. Ewé mi ni.

“Orí ìdì aṣọ mi ni mo ti bá èyí láàárọ̀ yìí,” ó ní. “Mo bi ọmọ mi, ó ní àbúrò ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, ìyá.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àbámọdá.”

“Kí lẹ wí, ìyá?”

“Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Àbá tí mo dá. Nílé bàbá mi, ẹni bá fi ewé yìí ránṣẹ́ síni, àrokò ló pa. Ó ń sọ pé, ohun tó wà lọ́kàn mi rèé, ẹ jẹ́ kó ṣẹ. Ọmọ mi, a ti gbọ́ àbá rẹ. A wá dá ọ lóhùn ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, kò rí i pa dé. Ìyàwó rẹ̀ sá wọ ilé ìdáná, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń fi aṣọ bo ẹ̀rín mọ́nú. Ní tèmi, orí mi gbóná. Èmi, ọmọ alàgbà, pa àrokò sí ọkùnrin! Ó ti wà lórí ahọ́n mi pé ewé tútù lásán ni, pé n kò mọ orúkọ yìí rí láyé mi.

Mo wo ọmọ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè sọ pé àṣìṣe ni, yóò dé fìlà rẹ̀, yóò bá ìyá rẹ̀ lọ sílé, ìtìjú kò ní jẹ́ kó tún wá sílé wa láé. Kàdúná ló sì kù fún mi.

“Àbá ní í di òótọ́,” ni ìyá náà wí, “ojo ni kì í jẹ́ ká dá a. Ojo sì lọmọ tèmi, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé ìwọ lo dá a, àbí ìwọ kọ́?”

“Èmi ni mo dá a,” ni mo wí.

Bàbá mi jà. Ó fi gbogbo Bíbélì jà, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀ ẹ́ títí tí ohùn fi há. Níkẹyìn a gbà pé n óò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi, ọkọ mi yóò máa lọ sí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Kàdúná láìsí mi. Èmi gbé agolo mi, mo wọ ilé ìyá aláṣọ.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí nílé náà, mo gbé agolo jáde lọ wá ibi tí oòrùn wà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, mo yọ sẹ́yìn balùwẹ̀, mo sì dúró gbagidi. Àbámọdá ló kún ibẹ̀. Ó ga dé àyà mi, ó lọ láti ara ògiri balùwẹ̀ títí dé ìdí ọgbà, ó hù bí èpò tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún, àwọn ewé tó já bọ́ sílẹ̀ sì ń bímọ lórí ara wọn.

Mo pariwo pe ọkọ mi. Ó dé tòun ti orín lẹ́nu. Mo nawọ́ sí igbó ewé náà. Ó wo àbámọdá, ó wo agolo ọwọ́ mi, ó wo ilẹ̀.

“Kí lẹ wá fẹ́ fi ewé tèmi ṣe?”

Ó yọ orín lẹ́nu. Ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn.

“Gbogbo ìyẹn,” ó ní, “kò sí èyí tí ìwọ fún mi níbẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní ìwọ.