Ọwọ́ Oníbúrẹ́dì Lórí Àpótí Iná

Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń lọ sókè lọ sódò nínú yàrá bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí! Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì nídìí ààrò láti ọdún mẹ́ta. Kò jókòó, kò dúró. Nítorí kí ni? Nítorí igi ata mẹ́rin.

Ata ìyá rẹ̀ ni. Ibà ló pa ìyá náà lọ́dún tó kọjá, ibà tí wọn ò tètè mọ̀. Kóró ata méje ló kù tí màmá dì sí ìṣẹ́tí aṣọ. Irú ata yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́. Oníbúrẹ́dì gbin méjèèje sínú agolo, mẹ́rin ló hù. Bí ìwọ̀nyí bá kú, ó parí nìyẹn.

Oòrùn kì í wọ yàrá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná ló bá a so gílóòbù ńlá tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀gbìn sókè, ó sì gbé àpótí irin kékeré tó ń fún gílóòbù náà lágbára sórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Síkúrù kan wà lára àpótí yẹn tí wọ́n fi ń bu iná kún iná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọgọ́rùn-ún wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára," àbúrò sọ fún un. "Ibẹ̀ ni mo dá a dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan síkúrù yẹn o. Tó bá gbé ju agbára rẹ̀ lọ, á gbóná, á jó."

Ẹni a ń wí fún, Ọba jẹ́ ó gbọ́! Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí ata bẹ̀rẹ̀ sí í ga tín-ín-rín, tí ọrùn wọn ń tẹ̀. Ọkàn Oníbúrẹ́dì ò balẹ̀ mọ́, ó ní iná ò tó wọn. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi yí síkúrù díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún yí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó yí i dópin.

Ẹ má pè é ní òmùgọ̀. Ó ní ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé, ìyẹn ọwọ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ti ọwọ́ yẹn bọ ààrò. Bó bá ti rìn yíká yàrá tán, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí, á ní, "Kò gbóná." Á tún rìn, á tún padà wá.

"Bàbá wọn, ẹ jókòó ná," ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì sọ. "Ẹ ó fẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò síbẹ̀ yẹn. Wọn kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Ta ló ń kánjú? Wá fọwọ́ kàn án wò. Ó tutù!"

Ìyàwó dìde, ó fọwọ́ kàn án.

"Yéè! Ọwọ́ mi o!" Ó fò sẹ́yìn, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Iná kú. Ó fi aṣọ di àpótí náà mú, ó gbé e kúrò. Pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ata tó sún mọ́ ọn jù sì ti rọ jọwọlọ.

"Èyí lẹ ní ó tutù? Ṣé ẹ fẹ́ sun wá mọ́lé ni?" Inú bí i gan-an. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi èékánná tẹ àtẹ́lẹwọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ gidi. "Ó dùn yín?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí níbẹ̀?"

"Háà. Bàbá wọn, ààrò ti jẹ ọwọ́ yìí tán. Kò mọ ooru mọ́."

Oníbúrẹ́dì gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó wá jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Kò wo ata mẹ́ta tó kù. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́ yìí kan náà ló gbé lé iwájú orí ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti ń wá mọ́tò tí yóò gbé màmá lọ sí ọsibítù.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi," ló sọ lọ́jọ́ náà. "Ara wọn ò gbóná."