Eyín Funfun Ṣeunfúnmi

Morónikẹ́, ìyàwó Hezekiah, ló ń yan gàrí lójú ọ̀nà Akanran. Obìnrin náà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá, ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ti sọ labẹ gé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, Ṣeunfúnmi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Kérúbù ni Ìyá Hezekiah. Wọn a gbàdúrà sí oyin, wọn a fún ọmọ lá kó tó sùn, kí ayé rẹ̀ lè dùn. Àdúrà dáa o, àmọ́ oyin náà a bá ọmọ sùn mọ́jú ni.

Ọjọ́ tí Morónikẹ́ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, Nọ́ọ̀sì Leah gbé ètè ọmọ sókè.

"Ìyá Ṣeun, ẹ wo ibi tó funfun bí ẹfun lẹ́bàá erìgì yìí. Bí kòkòrò eyín ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì lu, oògùn tí a ó fi kùn ún lè mú un le padà. Ẹ má fọ ẹnu rẹ̀ títí di àárọ̀ ọ̀la, ẹ máa gbé e wá kùn lóòrèkóòrè. Oyin alẹ́ tí ẹ sọ yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró."

Leah kùn ún tán, inú Morónikẹ́ sì dùn délé. Ìyá ọkọ rẹ̀ la ọmọ lẹ́nu, wọ́n rí oògùn tó pupa rúsúrúsú.

"Ta ló kun ọmọ mi lọ́dà?"

"Oògùn ni, Màámi. Nọ́ọ̀sì ní ibi tó funfun yẹn, àìsàn ni."

Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ẹ gbọ́ o! Eyín funfun ti di àìsàn! Tìẹ tó pọ́n bí gàrí elépo, òun ni àlàáfíà? O ń jowú ọmọ tí o fi inú ara rẹ bí!"

Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá bu iyọ̀ sí pákò, wọ́n ní kí Morónikẹ́ di orí ọmọ mú. Ó sì dì í mú. Wọ́n ha ẹnu náà títí oògùn fi bọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Gbogbo ìgbà tó bá ti lọ kùn ún ni wọ́n ń ha á. Nígbà tó sú Morónikẹ́, kò lọ mọ́. Funfun di pupa, pupa di dúdú, eyín iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí ṣúgà. Ọmọ ò lè jẹ, igbe ló ń ké ṣáá. Ìgbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ Leah, ó mi orí.

"Ó ti kọjá kíkùn, Ìyá Ṣeun. Yíyọ ló kù."

Gbogbo eyín iwájú òkè ni wọ́n yọ. Bí wọ́n ṣe wọlé, Ìyá pàtẹ́wọ́.

"Akáyín mi dé! Eyín ọ̀hún dà? Kó o wá, kí n sọ ọ́ sórí òrùlé, kí òmíràn lè tètè hù."

"Wọ́n ti dà á nù lọ́hùn-ún, Màámi."

"O jẹ́ kí wọ́n da eyín ọmọ mi nù!"

Láti ìgbà náà, ohun tí Ìyá ń sọ kiri ìjọ ni pé ìyàwó Hezekiah lọ fi eyín funfun ọmọ tọrẹ. Bí ẹ bá sì bi Ṣeunfúnmi pé ta ló kó eyín ẹnu rẹ̀, á fi ọwọ́ kan bo ẹnu, á fi ìkejì nàka sí ìyá rẹ̀.