Linux wo ni kí n fún Tàǹtí Afí?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Agbonou nítorí kọ̀ǹpútà kan. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà náà ṣe mí ní nǹkan kan o. Ìkánjú mi ló ṣe mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Atakpamé. Ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò ni mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni Yorùbá tí mò ń kọ sí yín yìí ti mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dípò Windows, tó ní oríṣiríṣi, mo sì máa ń fi yangàn. Ẹ má bínú, bí mo ṣe rí nìyẹn.

Tàǹtí Afí ni àbúrò ìyá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, Agbonou nítòsí wa níbí ló ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ṣe jẹun, láti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo tapuráítà. Ọwọ́ ẹ̀ yá débi pé kì í wo bọ́tìnnì tó bá ń tẹ̀wé. Òun ló ń tẹ orin tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ń kọ ní èdè Ifẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ní èdè Ifẹ̀! Orin èdè Ewe wà nínú ìwé, ti Faransé náà wà nínú ìwé. Tiwa, orí àwọn àgbà ló wà, àti inú kọ̀ǹpútà Tàǹtí.

Àfi bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣe dákẹ́ nígbà tí ọdún ìjọ ń sún mọ́lé. Ó ti gbó, gbogbo fláàṣì tó wà ní Agbonou ló sì ti kó fáírọ́ọ̀sì wọ inú ẹ̀. Tó o bá tàn án, o lè lọ se ọbẹ̀ kó o tó padà wá bá a, kò tíì jí.

Fàdá ìjọ wọn ní kò burú, tí ìwé orin ò bá tíì jáde lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú ọdún, kí wọ́n kúkú fi ìwé orin Ewe ṣe é. Kò fi ìkà sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin gan-an ti ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí ìyẹn ti wà nílẹ̀. Tàǹtí pè mí lórí fóònù, ohùn ẹ̀ ò dún bó ṣe máa ń dún. Ó ní tí wọ́n bá fo orin Ifẹ̀ lọ́dún yìí, wọn ò ní padà sí i mọ́, pé bí nǹkan ṣe máa ń lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní lé e, á kàn lọ ni.

Ṣé mo wá lè jókòó?

Kí n tó gbéra, mo bi àwọn ẹgbẹ́ wa tá a jọ ń lo Linux lórí WhatsApp pé èwo ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Háà! Ìjà dé! Ẹnì kan ní Ubuntu, ẹnì kan ní Mint, ẹlòmíì ní Fedora. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ jọ láti ìpìlẹ̀, ìyẹn ló máa là á lójú. Ìyá àgbà o! Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló fẹ́ fi ṣe, èmi náà ò sì rántí sọ. Oníkálukú ń polówó tiẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ ìyá òun ò dùn?

Mo gun zémìjàn (ọ̀kadà wa níbí nìyẹn), ó di Agbonou. Mo kọ́kọ́ kó àwọn orin Tàǹtí sórí fláàṣì tí mo ti yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà mo nu kọ̀ǹpútà ẹ̀ mọ́, mo sì fi irú Linux tí èmi fúnra mi ń lò sí i. Tèmi yìí, kò sí àwòrán kankan lójú ẹ̀ tí wàá tẹ̀. Àṣẹ lo máa fi kíbọ́ọ̀dù pa fún un, á sì ṣe é wéré. Mo dúró sẹ́yìn àga Tàǹtí, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń retí kó yìn mí.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé yìí mọ́ tónítóní. Níbo ni ilẹ̀kùn wà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àṣẹ yìí àti àṣẹ tọ̀hún, ó gbọ́ mi jẹ́ẹ́, ó ní mo ṣeun. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fa bébà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ orin àkọ́kọ́. Ojú tì mí o! Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mo fa àga, mo jókòó tì í. Àwọn ìwé orin ọdún tó kọjá wà lórí tábìlì, mo mú ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ ẹ́ rí i pé lẹ́tà ẹ àti ọ ni ẹ̀ ń kọ. Àwa ní Tógò, ɛ àti ɔ la fi ń kọ tiwa. Gbogbo ibi tí ɛ tàbí ɔ yẹ kó wà lórí ìwé yẹn, ẹ̀rọ ò tẹ nǹkan kan síbẹ̀. Báírò ni Tàǹtí fi kọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó gbé e lọ fún fọtokópì.

Mo bi í pé kí ló dé. Ìbéèrè mi yà á lẹ́nu. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayé tapuráítà nìyẹn: tó o bá dé ibẹ̀, o tẹ àlàfo, o kọjá, tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, o mú báírò. Kọ̀ǹpútà dé, òun kàn ń bá a lọ ni. Báírò ọ̀hún, inú gèlè ló máa ń há a sí, kì í kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rọ, ti Faransé ni. Báírò ni tiwa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mú Mint. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ojú ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ibi ìtẹ̀wé ti wà nínú ẹ̀. Kò sì le jù fún kọ̀ǹpútà arúgbó. Mo ní kí Tàǹtí fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ ohun tó bá bi wá, kó lè mọ̀ pé ilé òun ni.

Ó bi wá ní èdè, a mú Faransé. Ó bi wá ní irú kíbọ́ọ̀dù. Mo ti na ìka sí "Français" tó wà lókè pátápátá, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ní Tógò máa ń tẹ̀, a kì í wo ìyókù. Gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Tàǹtí gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kà á tán ná. Ó fi awò sójú, ó ń kà á bọ̀ nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó dúró. Ó gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà.

"Togo," ó ní. "Kí ni Togo ń wá níbí?"

Lóòótọ́ ni! "Français (Togo)." Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ ká wò ó. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ téèyàn lè fi dán an wò, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Nígbà tí Tàǹtí di bọ́tìnnì tó wà lápá ọ̀tún àlàfo mú, tó tẹ lẹ́tà e, ɛ jáde. Ó tẹ lẹ́tà o, ɔ jáde.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ìlà náà.

Ẹnì kan tá ò mọ̀ ló jókòó níbì kan, tó rántí wa, tó fi lẹ́tà wa síbẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Linux gan-an nìyẹn, mo sì ti gbàgbé, mo wá ń fi ìyára ẹ̀ yangàn.

Mo dá àwọn orin padà sínú kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì, Tàǹtí mú iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ jáde nínú ẹ̀rọ. Kó tó wò ó rárá, ó ti fa báírò yọ nínú gèlè, ó ti ṣí ìdérí ẹ̀. Ó fi ẹnu báírò tẹ̀ lé ìlà kìíní, ìlà kejì, títí dé ìsàlẹ̀, ó ń wá àlàfo. Kò rí. Ó yí ìwé padà, ẹ̀yìn ẹ̀ náà kún pé. Ó wò mí, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Ó dé báírò padà, kò sì há a sínú gèlè mọ́, inú dúrọ́ọ̀ ló jù ú sí.

Lọ́jọ́ ọdún, orin Ifẹ̀ la kọ wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ti Ewe tẹ́lẹ̀ náà kọ ọ́, Fàdá sì ní kí wọ́n fún òun ní ìwé kan. Inú mi dùn, ẹ má ṣe wulẹ̀ bi mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Tẹ́nì kan bá ní kó o bá òun yan Linux, má kọ́kọ́ bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Lọ jókòó ti ẹni náà, kó o wo ọwọ́ ẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tíì lo irú ẹ̀ rí, fún un ní èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà níbi tó ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí àwa fúnra wa fẹ́ràn, ó lè dúró ná.

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ kọ́kọ́ lò, ta ló sì fi hàn yín? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ ibí. Tàǹtí ní kí n bá òun bi yín o: lórí kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ̀ ń lò yẹn, ṣé ẹ ti kà á dé ìsàlẹ̀, àbí ọwọ́ yín ṣì wà lórí ti òkè?